Ilé Tuntun Lábúlé: Ohun Tó Yẹ Ká Mú Lára Ilé Oko Àtijọ́

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń kọ́lé sábúlé báyìí, yálà fún òbí tó ti dàgbà tàbí fún ara wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì. Kí ẹ tó gba àwòrán ilé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé tí àwọn bàbá wa ń gbé lóko.

Ògiri amọ̀ tó nípọn ni, koríko bẹẹrẹ tàbí ewé gbọ̀dọ̀gì ló wà lórí rẹ̀. Ooru ọ̀sán kì í tètè wọlé. Páànù gbà wá lọ́wọ́ jíjò àti iná, ṣùgbọ́n ó mú ooru wá. Àwa apòògùn mọ èyí dáadáa: ara páálí ọ̀pọ̀ oògùn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ooru ibi tí a tọ́jú rẹ̀ sí kò gbọdọ̀ kọjá 30°C, síbẹ̀ abẹ́ páànù tí kò ní àjà ni Màmá ń kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí. Ẹ ṣe àjà, kí etí òrùlé sì yọ síta dáadáa. Fèrèsé méjì tó kọjú síra sàn ju ńlá kan lọ. Ibi tí atẹ́gùn ti ń ré kọjá kì í rọrùn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ láti ràn.

Ilé ìdáná tó dá dúró ni a fẹ́ràn jù nínú ètò àtijọ́. Èéfín igi wà lára ohun tó ń fa òtútù àyà fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ẹ kọ́ ọ síbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé èéfín padà sí yàrá.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ la ó kó o. Àgbàdo tí wọ́n ń kó sókè àjà ń pe eku. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ nílùú Lassa ní Borno lọ́dún 1969, ń ti ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ran èèyàn, Oǹdó sì wà lára ibi tó ti ń jà lọ́dọọdún. Àká tó ní ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́ síta. Oògùn apakòkòrò náà kò gbọdọ̀ wọ inú ilé, ká má tilẹ̀ sọ ti inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò!

Àárín agbo ilé tó ń gba omi òjò dára, àmọ́ kó ní ojú ìṣàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi àlùwàlá. Láti ẹyin dé ẹ̀fọn tó ń fò lè má ju ọjọ́ 10 lọ.

Kànga ńkọ́? Ó kéré tán, kó jìnnà sí ṣáláńgá ní mítà 30, kó sì wà lápá òkè rẹ̀. Púlọ́ọ̀tì ìgboro tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kì í fi bẹ́ẹ̀ gba èyí. Ilẹ̀ abúlé gbà á. Ẹ wọ̀n ọ́n kí bíríkìlà tó dé, kí ẹ sì béèrè ibi tí ṣáláńgá aládùúgbò wà pẹ̀lú.