Bíréèkì Já: Kí Ni Ó Já Gan-an?

Ìsinmi ń bọ̀. Láìpẹ́, àwa tí a wà ní Jọ́s yìí yóò di ẹrù wa, a ó sì dorí kọ Ìlọrin, Ìbàdàn, Èkó àti àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Òkè Ọya níbí náà yóò lọ kí ìyá àgbà àti bàbá àgbà. Ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wa ń gbà ni èyí tí ó gba Riyom lọ sí Akwanga. Ìlú Jọ́s fi nǹkan bí mítà 1,200 ga ju òkun lọ, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè lọ sílé láìsọ̀kalẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Hawan Kibo ni a sì ń gbà sọ̀kalẹ̀.

Bí ìjàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní irú ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu èrò: "Bíréèkì já." Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé náà ń sọ pé "birki ya tsinke", "já" gan-an sì ni "tsinke" yìí. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Okùn ni ó ń já. Bí wọ́n bá ti ní nǹkan já, ọkàn wa á lọ sí ohun tí ó gé sí méjì. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó fẹ́ tọ́jú bíréèkì rẹ̀ fi máa ń sáré lọ ra họ́ọ̀sì tuntun, pàápàá èyí tí wọ́n fi wáyà irin hun lára, tí ó ń dán yinrin. Ṣùgbọ́n bíréèkì lè kọ iṣẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìsí pé ohunkóhun já. Ó lè jẹ́ pé ohun kan ni ó hó.

BÍ BÍRÉÈKÌ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì kan tí ó wà nínú ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní màsítà ni ó ń tì. Ọ́ìlì yìí ń gba inú páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ìdí táyà kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé táyà máa ń yí sọ́tùn-ún sósì, tí ó sì ń fò sókè sódò, páìpù irin kò lè dé ìdí rẹ̀ tán. Họ́ọ̀sì rọ́bà ni wọ́n fi so ibi tí ó kù. Ọ́ìlì náà yóò wá ti páàdì mọ́ dísíkì, bí àwọn méjèèjì bá sì ṣe ń ha ara wọn ni ọkọ̀ yóò ṣe máa dúró.

Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gbé ayé láti 1623 sí 1662, ni ó ṣàlàyé òfin tí ó wà nídìí èyí: bí a bá ti ohun olómi tí a sé mọ́, ipá náà yóò dé ibi gbogbo nínú rẹ̀ bákan náà. Ìdí tí èyí fi wúlò fún bíréèkì ni pé ohun olómi kì í gbà kí a fún òun pọ̀. Atẹ́gùn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá tẹ atẹ́gùn, ṣe ni yóò fún pọ̀ bíi kàn-ìn-kàn-ìn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ọkọ̀ tí ó wúwo tó kìlógíráàmù 1,500 bọ́ láti orí òkè wá sí ibi tí ó fi mítà 300 rẹlẹ̀. Agbára tí ó gbọ́dọ̀ kúrò lára ọkọ̀ yìí kí eré rẹ̀ má baà pọ̀ sí i tó láti mú kí nǹkan bí lítà 14 omi tútù hó. Afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà á gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà lè gba púpọ̀ bí awakọ̀ bá fi jíà kékeré sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi jíà ńlá sọ̀kalẹ̀, tí ó kàn gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì, orí páàdì àti dísíkì ni ooru náà yóò kó lé. Láti ibẹ̀ ni yóò ti wọ inú ọ́ìlì.

Ọ́ÌLÌ TÍ KÌ Í ṢE EPO

Ọ́ìlì ni gbogbo wa ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe epo. Èròjà tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fẹ́ràn omi púpọ̀. Bí iyọ̀ ṣe ń tutù nígbà òjò nítorí pé ó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ́ìlì bíréèkì ń ṣe. Ọ̀rinrin ń gba ojú ìdérí wọlé, ó tilẹ̀ ń gba ara họ́ọ̀sì rọ́bà kọjá. Kì í yá, kò sì ní ariwo. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Lára ike ọ́ìlì yìí ni a ti ń rí DOT 3, DOT 4 tàbí DOT 5.1. Ìlànà Amẹ́ríkà ni. Ìlànà náà sọ pé DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti DOT 4 jẹ́ 230, ti DOT 5.1 sì jẹ́ 260. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ inú wọn tó nǹkan bí ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí ìlànà ń béèrè lọ́wọ́ wọn wá sílẹ̀ sí 140, 155 àti 180. Bí ohun kan bá já níhìn-ín, ìwọ̀n ooru tí ọ́ìlì náà lè fara dà ni ó já wálẹ̀.

Nígbà tí ọ́ìlì tí omi ti wọ̀ bá hó ní ìdí táyà, atẹ́gùn yóò dé inú rẹ̀. Awakọ̀ á tẹ bíréèkì, atẹ́gùn yẹn á fún pọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan ilẹ̀, ọkọ̀ á sì máa lọ. Èyí tí ó wá burú jù ni pé bí ọkọ̀ bá sinmi, tí ó tutù, atẹ́gùn náà á tún di ohun olómi, bíréèkì á sì padà sípò. Mẹkáníìkì á yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò ní rí ohun tí ó já. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé ọwọ́ ayé ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa ayé o. Ṣùgbọ́n kí a tó pe ayé lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì ọkọ̀ náà gbẹ̀yìn.

HỌ́Ọ̀SÌ ONÍRIN ŃKỌ́?

Họ́ọ̀sì onírin kì í ṣe ayédèrú ohun. Ike líle tí wọ́n ń pè ní Teflon ni ó wà nínú rẹ̀, wáyà irin sì ni wọ́n hun sí i lára. Họ́ọ̀sì rọ́bà máa ń wú díẹ̀ bí a bá tẹ bíréèkì, tí irin kì í sì í fẹ́ wú. Ìdí nìyí tí bíréèkì fi máa ń le dáadáa lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ó lò ó, tí àwọn tí ń fi ọkọ̀ sáré ìje sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀rinrin kì í tètè gba ara rẹ̀ kọjá bíi ti rọ́bà.

Ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ìlì ògbólógbòó di tuntun. Bí ọ́ìlì yóò bá hó ní 140, nínú họ́ọ̀sì olówó iyebíye náà ni yóò ti hó. Kò lè mú kí páàdì tí ó ti jẹ tán tàbí táyà tí ó ti pá di ilẹ̀ mú. Bí wọn kò bá sì dè é dáadáa, wáyà náà á máa ha ohun tí ó bá kàn, kò sì rọrùn láti rí ohun tí ń bàjẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Owó họ́ọ̀sì onírin mẹ́rin tó ra ọ́ìlì bíréèkì tí ènìyàn yóò lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó ra ọ̀kan tí ó gbàgbé èkejì ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Èyí kò ní kí a má pààrọ̀ họ́ọ̀sì o. Bí rọ́bà bá ti sán, bí ó bá wú, tàbí tí ó ń jò, kí a yọ ọ́ dànù lọ́jọ́ náà. Nígbà mìíràn, inú rẹ̀ ni yóò wú, tí ọ̀nà á há: ọ́ìlì á lọ ṣùgbọ́n kò ní tètè padà, táyà yẹn á máa gbóná, ọkọ̀ á sì máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Họ́ọ̀sì rọ́bà tuntun tí ó dára, irú èyí tí ọkọ̀ bá wá láti ilé-iṣẹ́, tó fún iṣẹ́ yìí.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Èkínní, kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì náà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ sọ pé lẹ́yìn ọdún 2, àwọn mìíràn ní ọdún 3. Ní ti ọkọ̀ tòkunbọ̀, ẹni tí ó rà á kò mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn lókè òkun. Kí ó pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó gbé e jáde ìlú.

Èkejì, bíbu tuntun lé ògbólógbòó lórí kì í ṣe ìpààrọ̀. Bí ọ́ìlì bá ń dín, yálà páàdì ti ń jẹ tán tàbí ibì kan ń jò. Kí a wá ìdí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ohun tí a kọ sára ìdérí màsítà ni kí a tẹ̀ lé. DOT 5 lásán kì í ṣe ẹbí DOT 5.1 rárá. Ẹ má pò ó mọ́ àwọn tí ó kù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i láéláé, nítorí pé yóò mú àwọn rọ́bà inú bíréèkì wú, yóò sì bà wọ́n jẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ike tí a kò tíì ṣí ni kí a rà. Èyí tí ó ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ láti oṣù mélòó kan ti mu omi. Lítà kan sábà máa ń tó fún ọkọ̀ kékeré. Bí mẹkáníìkì bá ń fa ti àtijọ́ jáde, ẹ dúró tì í títí tí tuntun yóò fi jáde ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsí ìfófòó. Ẹ má jẹ́ kí ó da èyí tí ó fà jáde padà.

ÀWA TÍ A KÒ NÍ ỌKỌ̀

Púpọ̀ nínú wa, ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ bá háyà ni a ń wọ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá àti bọ́ọ̀sì ràgàjì ń lo bíréèkì oníafẹ́fẹ́, tiwọn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì ni bọ́ọ̀sì elérò 18 ń lò. Kí àwọn tí ó ń ṣètò ìrìnàjò wa tó san owó, kí wọ́n bi awakọ̀ ní ìgbà tí ó pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì. Kí ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan. Bí ó bá ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, kí a wá ọkọ̀ mìíràn.

Bí a bá sì dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí a rí i pé awakọ̀ yọ jíà sílẹ̀ kí epo má baà tán, kí a sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ wa pé kí ọmọdé má pa àgbà lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀wọ̀ kò wọ́n wa: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa fi jíà kékeré sọ̀kalẹ̀." Kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Bí bíréèkì bá rì mọ́ awakọ̀ lẹ́sẹ̀, kí ó máa tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀, kí ó máa já jíà wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wáyà ni ó ń fa bíréèkì ọwọ́. Ọ́ìlì tí ó hó kò kàn án.

Àwọn àgbà ní kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ ni gbogbo wa gbẹ́kẹ̀ lé, ọ́ìlì bíréèkì sì ni ẹsẹ̀ náà gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀. Ògún kò ní fi ẹ̀jẹ̀ wa wẹ̀. A ó lọ ire, a ó sì bọ̀ ire o.