Ìbọn tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ tò nílé

Ọ̀rọ̀ tòní lè dà bí ọ̀rọ̀ ọkùnrin létí yín. Ẹ lè ní kí ló kan obìnrin nínú ọ̀rọ̀ ìbọn? Ṣùgbọ́n ta ní ń gbálẹ̀ yàrá tí ìbọn wà? Ta ní ń gbé ọmọ tí ọta bà sáré lọ sí ilé ìwòsàn? Ẹ̀yin náà ni. Ó kàn yín, ó tiẹ̀ kàn yín ju ẹni tó ni ìbọn lọ.

Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, títí wọ àwọn oko lọ́hùn-ún ní Tógò, ìbọn ọdẹ kì í ṣe ohun àjèjì nílé wa. Láyé àtijọ́, alágbẹ̀dẹ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń rọ ọ́, ó sì mọ irin tó lè gba agbára ẹ̀tù. Ohun tó wọlé dé báyìí ni àwọn ọ̀dọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kankan. Wọ́n á wo fídíò lórí fóònù, wọ́n á wá irin níhìn-ín, wọ́n á wá igi lọ́hùn-ún, wọ́n á lọ jókòó sẹ́yìn ilé, wọ́n á máa tò ó pọ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un tò. Níbi àtúntò yẹn gan-an ni wọ́n ti ń ṣèṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìkòkò ṣàlàyé rẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ mọ ìkòkò. Bí ẹ bá dé ìkòkò tí omi ń hó nínú rẹ̀, ooru á máa ti ọmọrí sókè. Ẹ̀tù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ tirẹ̀ kì í farabalẹ̀. Bí iná bá ti kàn án, kíá ló ti di èéfín gbígbóná tó ń wá ààyè púpọ̀púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí irin bá nípọn, tí ẹnu ìbọn sì là, èéfín yẹn á gba ẹnu ìbọn jáde, á ti ọta síwájú. Bí irin bá fẹ́lẹ́, tàbí tó ti dípẹtà, tàbí tí nǹkan dí ẹnu rẹ̀, èéfín kò ní bẹ̀bẹ̀. Ibi tí irin bá ti rọ̀ jù ló máa bẹ́ gbà. Ó sì sábà máa ń jẹ́ ìdí irin, ibi tí ọwọ́ àti ojú ẹni tó dì í mú wà. Tùyó omi, omi ni wọ́n ṣe é fún. Kò sí bí ọmọ ṣe lè wé e, kí ó dì í, kí ó lẹ̀ ẹ́, kí ó wá di irin ìbọn.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe kò le láti rí: wọ́n gbà pé ìbọn tí a ń tún ṣe kò ní nǹkan nínú. Irọ́ ni. Ìbọn tí a ń ti ẹnu rẹ̀ kì, ẹnì kan lè ti kì í lọ́sẹ̀ tó kọjá kó sì gbàgbé, ojú lásán kò sì lè rí i. Wọ́n á wá gbé e síná láti tẹ irin rẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń jó irin. Iná á kan ẹ̀tù tó wà nínú rẹ̀. Ẹ mọ èyí tó kù.

Àṣìṣe kejì ló burú jù lójú tèmi. Ọmọ fa ìbọn, ìbọn kò dún. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, kò dún. Ó wá yí ẹnu rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń yọjú wo inú rẹ̀ bóyá nǹkan dí i. Ẹ gbọ́ o, iná lè máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀tù tó rin, kí ó tó wá dún lójijì. Ìbọn tó kọ̀ tí kò dún kì í ṣe ìbọn tó ti kú. Kí ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò séèyàn, kí gbogbo ilé jìnnà sí i, kí wọ́n sì ránṣẹ́ pe àgbà ọdẹ tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ lè bi wá pé báwo la ṣe wá máa tún un ṣe? A kò ní tan yín: kò sí àtúnṣe rẹ̀ nílé. Irin tó bá ti là, àlẹ̀mọ́ kò wò ó sàn. Bákan náà, lọ́dún 2006, ní Àbújá, gbogbo orílẹ̀-èdè CEDEAO, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò pẹ̀lú, fọwọ́ sí àdéhùn pé ará ìlú kò gbọdọ̀ ní ìbọn bí ìjọba kò bá fún un ní ìwé àṣẹ. Ìbọn tí ọmọ tò sẹ́yìn ilé kò ní ìwé kankan. Bí ẹ bá rí i lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ má já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ má sì fi aṣọ wé e gbé e gun zémidjan lọ sọ́dọ̀ pólíìsì. Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí ẹ bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kí ẹ bá olórí ọdẹ tàbí olórí àdúgbò sọ ọ́, kí wọ́n wá gbé e bó ṣe yẹ.

Ní ti ìbọn bàbá ọdẹ tó ní ìwé, ibi tí wọ́n ń gbé e sí ni ká wò. Kò gbọdọ̀ ní ẹ̀tù nínú bó bá ti wọlé. Kí wọ́n tì í mọ́ ibi tó ní kọ́kọ́rọ́. Kí ẹ̀tù wà lọ́tọ̀, nínú agolo tó ní ìdérí, jìnnà sí ààrò, jìnnà sí sìgá, jìnnà pátápátá sí bídọ̀nù kpayo. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kpayo níwájú ilé, ọ̀rọ̀ yín nìyí o. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé ọmọ kò mọ ibi tó wà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ti mọ ibi tí ẹ ń tọ́jú ṣúgà sí, àbí kò mọ̀ ọ́n?

Níbi ìsìnkú ọdẹ, wọ́n a máa ní ẹ̀tù lásán ni wọ́n ń yìn, kò ní ọta. Ẹ̀tù lásán náà ń jó ara, ohun tí wọ́n sì fi dí i lẹ́nu ìbọn ń fò jáde, ó lè wọ ẹran ara ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Ariwo rẹ̀ ń ba etí jẹ́. Ẹni tó bá pọn ọmọ, kí ó dúró lókèèrè.

Ohun kan wà tí kò ní ariwo rárá, òun ló sì ń bà wá lẹ́rù jù: òjé. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe ọta. Àwọn kan ń fọ́ bátìrì mọ́tò àtijọ́, wọ́n ń yọ òjé inú rẹ̀, wọ́n sì ń yọ́ ọ lórí iná igi lásán, nígbà míì nínú ìkòkò tí ìyá wọn fi ń se ọbẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń wọ inú ẹni tó wà nítòsí. Eruku rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀, adìyẹ ń tú u, ọmọ tó ń rákò ń fi ọwọ́ kó o sẹ́nu. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí kò lè pa ọmọ lára. Bí ọmọ kékeré àti àgbàlagbà bá jọ gbé e mì, ara ọmọ lè gba ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ohun tí ara àgbàlagbà gbà. Inú á máa run ún, ìgbẹ́ á há, ẹ̀jẹ̀ á dín, orí á máa gbàgbé ẹ̀kọ́. Bó bá pọ̀, gìrì á mú un. Ọ̀pọ̀ ìyá á rò pé ibà ni. Nínú aláboyún, òjé tó ti wọ egungun láti ọjọ́ pípẹ́ lè jáde padà sínú ẹ̀jẹ̀, kí ó dé ara ọmọ inú.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, àwọn èèyàn ń tú bátìrì, wọ́n sì ń jọ òjé nínú iyẹ̀pẹ̀ láti tà á. Obìnrin wà nínú àwọn tó ń jọ ọ́, ọmọ wọn wà lẹ́yìn wọn. Láti ìparí ọdún 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, ọmọ 18 kú níbẹ̀ kí àwọn dókítà tó mọ̀ pé òjé ni. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń wá. Nítorí náà, ìkòkò tó bá ti yọ́ òjé rí, kò tún gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná, ìbáà jẹ́ pé ẹ fi eérú àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ nígbà méje. Aṣọ ẹni tó yọ́ ọ, ẹ má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ. Bí ọmọ bá ti wà nítòsí ibẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, kí ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Bí ìbọn bá wá dún, tó sì bà èèyàn ńkọ́? Kọ́kọ́ rí i pé kò sẹ́ni tó tún dì í mú. Fi aṣọ mímọ́ lé ojú ọgbẹ́, kí o fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ gírígírí, má ṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin ín, gbé òmíràn lé e lórí, má yọ ti ìsàlẹ̀. Má wá ọta inú rẹ̀, má da epo, má da àgbo, má da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Má fún un ní oúnjẹ tàbí omi mu, torí wọ́n lè ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Bó bá jẹ́ ojú ni, má tẹ̀ ẹ́ rárá, fi ife mímọ́ dé e lókè. Ibi tí iná ẹ̀tù jó, omi tútù tó ń ṣàn ni fún ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Bí ìka bá já, fi aṣọ mímọ́ wé e, sọ ọ́ sínú ọ̀rá, di ọ̀rá náà, kí o wá gbé e sínú omi tó ní yìnyín, kí ẹ gbé e dání lọ.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́sì, kódà bí ọgbẹ́ náà bá kéré. Ọ̀pọ̀ ń fi ọmọ pamọ́ sílé ní ọjọ́ méjì nítorí pé ìbọn rẹ̀ kò ní ìwé, wọ́n ń bẹ̀rù pólíìsì. Láàárín ọjọ́ méjì yẹn, ọgbẹ́ ti ń rà. Ẹ má sọ pé ó ṣubú lórí irin. Ẹ sọ pé ìbọn ni, ẹ sọ aago tó dún, ẹ sọ bóyá irin ló fọ́ tàbí ọta ló wọlé, torí ibẹ̀ ni dókítà ti máa mọ ohun tó máa wá nínú ara ọmọ yín.