Àrùn tó ń gbóògùn: bí ìyá tó ní HIV ṣe ń bí ọmọ tí kò ní in

"Kògbóògùn" ni a sọ àrùn yìí lórúkọ. Nígbà tí orúkọ náà kọ́kọ́ jáde, òótọ́ ni, torí kò sí oògùn kan tó ràn án. Orúkọ ò kúrò nílẹ̀ mọ́. Obìnrin tó lóyún oṣù mẹ́rin, tí wọ́n wá sọ fún un pé kòkòrò HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ohun tó gbọ́ ni pé òun àti ọmọ inú òun ti lọ. Òmíràn kò ní padà dé ọsibítù náà mọ́. Á gba ilé agbẹ̀bí tàbí ilé àdúrà lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gún un níka gbẹ̀jẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tí àrùn náà ti ń gbóògùn. Lóòótọ́, kò tíì sí oògùn tó ń lé e kúrò lára pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru náà kì í sábà lọ tán, ta ló sì pe ìyẹn ní kògbóògùn?

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé bí a bá káwọ́ gbera láìṣe nǹkan kan, nínú 100 ọmọ tí ìyá wọn ní HIV, láti orí 15 dé 45 ló máa kó o. Ìyẹn ni pé kódà láìsí oògùn, àwọn tó bọ́ pọ̀ ju àwọn tó kó o lọ. Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ kì í ṣàn papọ̀ nínú oyún: ibi ọmọ ló dábùú àárín wọn. Àkókò ìrọbí ló léwu jù, lẹ́yìn náà ọmú.

Lọ́dún 1994, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà àti Faransé fi hàn pé oògùn kan ṣoṣo, AZT, lè dín iye ọmọ tó ń kó o kù láti nǹkan bí 25 nínú 100 sí 8. Lónìí, oògùn mẹ́ta ló wà nínú hóró kan tí ìyá ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó lóyún, tí kòkòrò náà sì dín kù débi pé ẹ̀rọ àyẹ̀wò ò rí i mọ́ títí dọjọ́ ìkúnlẹ̀, ọmọ tó máa kó o kò pé ẹyọ kan nínú 100. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ bímọ, kò dìgbà tí wọ́n bá là á nínú. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi kún oògùn ọmọ tirẹ̀.

Bí ọmọ bá dé, wọ́n á máa kán oògùn olómi nevirapine sí i lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á sì gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò pàtàkì. Àyẹ̀wò kíákíá tí wọ́n ń ṣe fún àgbà kò wúlò fún un: ohun ìjà tí ara ìyá ṣe láti fi bá kòkòrò jà máa ń wà lára ọmọ títí dé nǹkan bí oṣù méjìdínlógún, òun ni àyẹ̀wò yẹn ń rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú nílé wa ni ọ̀rọ̀ ọmú. Ìyá ọkọ ti dé láti wẹ ọmọ, ó gbé àgbo dání, ó ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Ìyàwó ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Durban, tó jáde lọ́dún 1999, fi hàn pé àwọn ọmọ tó ń mu ọmú pọ̀ mọ́ omi tàbí oúnjẹ mìíràn kó kòkòrò náà ju àwọn tó mu ọmú nìkan lọ. Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kí ìyá má sì fo oògùn rẹ̀, ni wọ́n ń sọ. Ó dára pé gbogbo ìyá ni nọ́ọ̀sì ń sọ ti oṣù mẹ́fà yìí fún, nítorí náà "nọ́ọ̀sì ní kí n má fún un lómi, Mà" kò tú àṣírí kankan. Bí màmá bá sì ti jí omi kán sí ọmọ lẹ́nu ńkọ́? Kí wọ́n má torí ẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú. Láti ọdún 2016 ni WHO ti ní ìyá tó ń lo oògùn déédéé lè fún ọmọ lọ́yàn títí dé ọdún méjì.

Botswana, níbi tí nǹkan bí àgbàlagbà kan nínú márùn-ún ti ní HIV, gba ìwé ẹ̀rí WHO lọ́dún 2021 fún iṣẹ́ tó ṣe láti má jẹ́ kí ọmọ kó o. Ìwádìí ọdún 2018 ní Nàìjíríà fi tiwa sí 1.4 péré nínú 100, síbẹ̀ a wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ ti ń kó o jù lágbàáyé. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣírò pé nínú 100 ìbímọ ní Nàìjíríà, 39 ló ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn. Oògùn wà níbì kan, aboyún wà níbòmíì.

Àwọn olùwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Enugu gbé àyẹ̀wò tọ aboyún lọ. Wọ́n pín 40 ìjọ sí méjì: ní 20 nínú wọn, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ń gbàdúrà fún àwọn aboyún lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ń ṣe ayẹyẹ fún wọn, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún HIV, hepatitis B àti jẹ́nótáìpù lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má lè tọ́ka pé HIV ni lágbájá wá yẹ̀ wò. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2015: nínú 100 aboyún ní àwọn ìjọ wọ̀nyẹn, 92 ló ṣàyẹ̀wò HIV. Ní àwọn ìjọ yòókù, tí wọ́n kàn ti sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sí ọsibítù, 55 ni.