Ẹ̀dà Tuntun Láíbìrì Kọ̀ǹpútà àti Àkọtọ́ Yorùbá

Láíbìrì, lẹ́nu àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni àkójọ kóòdù tí ẹnìkan ti kọ tán, tí ẹlòmíràn lè mú lò nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ka iye ọ̀rọ̀ inú ìwé kan kò ní láti kọ́ kọ̀ǹpútà bí a ṣe ń gé gbólóhùn sí ọ̀rọ̀. Láíbìrì ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni láíbìrì a máa tún un ṣe, wọn a sì gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Nígbà mìíràn, àṣẹ kan náà a mú èsì mìíràn wá lábẹ́ ẹ̀dà tuntun, kọ̀ǹpútà kò sì ní kìlọ̀ rárá. Fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, èsì bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ti pàdánù ohùn rẹ̀.

Àyípadà inú Python

Èdè ìkọ-ètò Python, pẹ̀lú àwọn láíbìrì tó bá a wá, jẹ́ àpẹẹrẹ tó yè kooro. Ẹ̀dà kẹta rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2008. Àtìlẹ́yìn fún ẹ̀dà kejì sì dópin ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2020. Nínú ẹ̀dà kejì, báìtì ni Python ń kà nínú ọ̀rọ̀ tí a bá kọ fún un lásán. Nínú ẹ̀dà kẹta, àmì Unicode ni ó ń kà. Unicode ni àdéhùn àgbáyé tó fún àwọn àmì ìkọ̀wé ní nọ́ńbà.

Háúsá ní Sókótó

Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Sókótó, ìlú tí Háúsá jẹ́ èdè ìgboro, ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Háúsá àti Yorùbá. Ó mú "ɗaki", tó túmọ̀ sí yàrá. Nínú fáìlì UTF-8, ẹ̀dà kejì ka báìtì 5. Bí a bá ní kí láíbìrì re fi àṣẹ \w+ yọ ọ̀rọ̀ náà jáde, "aki" ni yóò mú wá, nítorí kò ka ɗ sí lẹ́tà. Ẹ̀dà kẹta ka àmì 4, ó sì mú "ɗaki" wá lódindi. Lẹ́tà ɗ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, àkọtọ́ Háúsá kì í sì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè rò pé ìṣòro ti tán.

Ibi tí Yorùbá ti yàtọ̀

"Ọ̀rọ̀" ní lẹ́tà 3 lójú òǹkàwé. Ẹ̀dà kejì ka 11; ẹ̀dà kẹta ka 5. Lẹ́tà ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, à náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. Lẹ́tà ọ àti àmì ohùn tó dá dúró ni a so pọ̀. Láíbìrì re kò ka àmì tó dá dúró sí ara ọ̀rọ̀, nítorí náà yóò gé e níbẹ̀. Ẹ̀dà kejì mú "r" nìkan wá. Ẹ̀dà kẹta mú "ọ" àti "rọ" wá.

Èsì kejì yìí ló léwu jù. Kò sẹ́ni tí kò ní fura sí "r" lásán, ṣùgbọ́n "rọ" jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi: ohun tí alágbẹ̀dẹ ń ṣe fún irin ni. Bákan náà, ọkọ́ tí a fi ń ro oko àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀ yóò di "ọkọ", bí ẹni pé wọ́n gbé ìyàwó. "Ilé" kò ní yí padà, nítorí é ní nọ́ńbà tirẹ̀. Òótọ́ àti irọ́ yóò wá wà papọ̀ nínú àtẹ kan náà.

Bí a ṣe lè ṣọ́ra

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

1. Kọ nọ́ńbà ẹ̀dà láíbìrì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, má sì pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́ títí ìdánwò yóò fi parí.

2. Ka àkọsílẹ̀ àyípadà tó bá ẹ̀dà tuntun wá. Nínú ọ̀pọ̀ láíbìrì, bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá yí padà, ìṣe àtijọ́ lè ti yí padà.

3. Ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ìdánwò: ilé, ọ̀rọ̀, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ǹjẹ́. Fi ọwọ́ kọ èsì tó tọ́ sílẹ̀ kí o tó fi ẹ̀dà méjèèjì dán an wò, nítorí ẹ̀dà àtijọ́ pàápàá lè máa ṣì í.

4. Sọ ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà di ọ̀kan. Ẹ́ lè jẹ́ àmì 2 tàbí 3 nínú fáìlì. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Láíbìrì unicodedata lè yí gbogbo wọn sí ìlànà NFC.

5. Lo láíbìrì regex dípò re láti gé ọ̀rọ̀, nítorí ó ń ka àmì ohùn sí ara ọ̀rọ̀.

6. Pààrọ̀ láíbìrì kan lẹ́ẹ̀kan, kí o lè mọ èyí tó fa àyípadà.

Nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ó yẹ kí nọ́ńbà ẹ̀dà wọ̀nyí hàn níbi tí a ti ṣàlàyé ọgbọ́n ìwádìí. Láìsí wọn, ẹlòmíràn lè tẹ̀lé gbogbo ìgbésẹ̀ náà kí iye ọ̀rọ̀ tirẹ̀ má sì bá a mu, kò sì ní mọ ìdí rẹ̀.