Mọ́tò àtijọ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀ lè padà sẹ́nu òwò, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ kọ́ ló kàn

Látìgbà tíjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, owó mọ́tò tókùnbọ̀ ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké. Kò yani lẹ́nu nígbà náà bí ẹni tó ń kó ànàmọ́ tàbí gààrí láti Ọ̀ffà lọ sí Ìlọrin àti Òṣogbo bá tún ojú wo Peugeot 504 tí bàbá rẹ̀ gbé sábẹ́ igi máńgòrò láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ìrètí ọ̀hún kì í ṣe àlá lásán. Ọdún 1975 nileeṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Kàdúná, 504 sì wà lára àwọn tó gbòde jù. Èyí tó ń lo kábúrẹ́tọ̀ kò ní kọ̀ǹpútà nínú, ṣéènì irin ló sì wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì rọ́bà. Mẹkáníìkì tó ti dàgbà mọ̀ ọ́n tinú tòde.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ba nǹkan jẹ́. Wọ́n á ra bátìrì tuntun, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́, tí kò bá jí, wọ́n á pe àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n wá tì í. Bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì ti ṣàn kúrò lára àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì, písítìnì sì lè ti dípẹtà mọ́ ibi tó wà. Bí wọ́n bá fagídí yí i, irin á máa ha irin, ríìngì lè kán. Ẹ́ńjìnnì tí owó kékeré ì bá tún ṣe á wá di èyí tí wọ́n ní láti tú palẹ̀.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni kí mẹkáníìkì yọ àwọn pọ́lọ́ọ̀gì, kó kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni yóò fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lú ọwọ́, jẹ́jẹ́. Bó bá yí, ìrètí wà. Bí kò bá yí, kí wọ́n tún fi ọ́ìlì sí i, kí wọ́n ní sùúrù.

Epo ló kàn. Bẹntiróòlù tó ti pẹ́ nínú táǹkì máa ń ṣú, á sì máa lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù, á di kábúrẹ́tọ̀ pa. Kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n fọ táǹkì, kí wọ́n sì pààrọ̀ fítà àti àwọn rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, nítorí rọ́bà tó ti là lè fa iná.

Kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n rọ omi sí rédíétọ̀, kí rẹwáyà sì wò ó bóyá eku ti jẹ wáyà. Kò sí ìdí láti tíì ra bátìrì; èyí tí wọ́n bá yá lára mọ́tò míì tó fi dán an wò. Kí pọ́lọ́ọ̀gì tó padà sípò ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, títí iná ọ́ìlì yóò fi kú.

Ṣùgbọ́n mọ́tò tó jí kò tíì tó gbé jáde. Omi máa ń wọ inú ọ́ìlì bíréèkì bọ́dún bá ti ń gorí ọdún, á sì jẹ irin inú rẹ̀. Ẹni tó bá kó ẹrù sórí irú bíréèkì bẹ́ẹ̀ ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́. Ti táyà náà kò yàtọ̀, bó ti wù kó dà bíi tuntun tó. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 1514 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún 2014.

Ìwé ọkọ̀ náà ń gba owó. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2023 ni wọ́n ti gbé owó ìnṣọ́ránsì tó kéré jù fún mọ́tò àdáni kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000. Kẹ́ni tó fẹ́ fi kó ẹrù béèrè iye tó jẹ́ tirẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi dáa kí oníṣòwò pín ìnáwó sí méjì. Owó kékeré ni ti àkọ́kọ́: ká mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ń yí, àti bóyá irin abẹ́ mọ́tò kò tíì jẹrà. Lẹ́yìn èyí ni kí mẹkáníìkì kọ gbogbo ohun tó kù sílẹ̀, pẹ̀lú iye wọn, kí wọ́n tó ra ẹyọ kan. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ gbé owó tó fi ń ra ọjà lọ, kó ta mọ́tò náà fáwọn tó ń ra irin, kó máa wọ mọ́tò èrò lọ.

Ìjàkadì lorò Ọ̀ffà lóòótọ́, àmọ́ a kì í bá mọ́tò tó ti sùn pẹ́ jìjàkadì. Sùúrù la fi ń jí i.