Bí Ìbálòpọ̀ Bá Ń Dun Obìnrin: Ibi Tó Ti Ń Dùn Ni Ká Kọ́kọ́ Wò

Obìnrin tó sá kòkó látàárọ̀ l'Áládé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í tijú láti sọ pé ẹ̀yìn ń ro òun. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú ara ló ń dùn ún nígbà tí ọkọ bá sún mọ́ ọn, ó lè fi pamọ́ fún ọdún pípẹ́. Bó bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, “inú ló ń run mí” ni yóò sọ. Wọn yóò fún un lóògùn inú rírun, ìrora náà kò sì ní kúrò. Agídí kọ́ ló ń ṣe é, ó sì lè fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ dáadáa. Ìrora yìí ní ohun tó ń fà á. Ibi tó ti ń dùn àti ìgbà tó ń dùn ló máa ń tú u fó.

Bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà ló ti ń ta á, ó lè jẹ́ pé ojú ara ló gbẹ. Ó wọ́pọ̀ lára abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, torí estrogen, èròjà tó ń mú ojú ara rọ̀, ti dín kù. Ó sì lè jẹ́ àpá ibi tó fàya nígbà ìbímọ, tàbí ti abẹ́ tí wọ́n dá fún un ní kékeré. Àpá a máa le, iṣan abẹ́ rẹ̀ a sì máa ta. Òfin àpapọ̀ Nàìjíríà ti ka abẹ́ dídá fún ọmọbìnrin léèwọ̀ láti 2015, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣe tirẹ̀ ní 2021, àmọ́ àwọn tó ti ní àpá náà ṣì nílò ìtọ́jú. Álọ́ọ̀mù, aáṣáà àti ọṣẹ tó le tí àwọn kan ń fi sójú ara náà máa ń bó inú rẹ̀. Omi lásán ni kí ẹ fi fọ ìta. Inú ń fọ ara rẹ̀.

Bó bá jẹ́ inú lọ́hùn-ún ló ti ń dùn, ó lè jẹ́ ìju, tàbí àtọ̀sí tó ti gun ilé ọmọ. Ó sì lè jẹ́ endometriosis, àìsàn tí ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ fi ń hù síta rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó ń ṣe nǹkan bí 190 mílíọ̀nù obìnrin láyé. Inú rírun tó ń dá obìnrin dùbúlẹ̀ lóṣooṣù wà lára àmì rẹ̀. Agbo jẹ̀díjẹ̀dí kò lè wò ó. Bó bá sì jẹ́ àtọ̀sí, tọkọtaya ni yóò jọ gba ìtọ́jú.

Nígbà mìíràn, àyẹ̀wò kò ní rí nǹkan kan. Bí ìrora ẹnu ojú ara bá ti pé oṣù mẹ́ta láìsí ìdí tó hàn, vulvodynia ni wọ́n ń pè é. Dókítà yóò fi òwú orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ẹnu ọ̀nà náà yíká, jẹ́jẹ́, yóò máa béèrè pé, “Ibí ńkọ́?” Obìnrin lè ta gìrì níbi tí kò tóbi ju orí èékánná lọ.

Bí ojú ṣe ń pa dé fúnra rẹ̀ nígbà tí iyanrìn bá fẹ́ kó sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹran ara tó yí ojú ara ká ṣe ń fún pọ̀ bí ó bá ti ń retí ìrora. Fífún náà a wá fa ìrora mìíràn, ẹ̀rù a sì pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí fífi agbára mú un fi ń ba nǹkan jẹ́ sí i. Onímọ̀ físíò (physiotherapist) lè kọ́ obìnrin bí yóò ṣe dẹ ẹran náà: yóò dùbúlẹ̀, yóò ká orúnkún, yóò mí sínú títí ikùn yóò fi wú, yóò sì dẹ ìsàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tọ̀. Jẹ́lì olómi ń ran ara tó gbẹ lọ́wọ́. Dókítà sì lè kọ ìpara estrogen fún ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá. Nínú ilé, ẹ sọ ọ́: “Bàbá Ṣadé, ó ń dùn mí, ẹ jẹ́ ká dúró ná.” Kí ọkọ náà sì dúró.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìlera tó sún mọ́ yín. “Nọ́ọ̀sì, ojú ara ló ń dùn mí bí ọkọ mi bá sún mọ́ mi, ẹnu ọ̀nà ló ti ń ta mí, ó ti tó oṣù mẹ́fà.” Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ má fi falẹ̀ rárá, torí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa fara dà á, ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín sí dókítà àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn ńlá l'Ákùúrẹ́. Ẹ̀tọ́ yín ni.