Ẹ Jẹ́ Kí Á Máa Sẹ́ Kọfí Fúnra Wa

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà ẹlẹgbẹ́ mi, owó ilé àti owó ìwé kò jẹ́ kí á sinmi. Èwo ni kí á tún máa ra kọfí lójoojúmọ́? Ẹni tó mọ ògì í sẹ́ mọ kọfí í sẹ́.

Ní 1908, ní ìlú Dresden ní Jámánì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú kọfí sú ìyá ilé kan, Melitta Bentz. Ó fi ìṣó dá ìdí ìkòkò idẹ lu, ó tẹ́ bébà tí ọmọ rẹ̀ fi ń fa tádàwà sínú rẹ̀, ó sì sẹ́ kọfí.

Ẹ tẹ́ bébà sínú asẹ́, ẹ da gíráàmù 15 kọfí lílọ̀ sí i. Bí omi bá hó, ẹ jẹ́ kí ó rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọ́n díẹ̀ sí i, ẹ dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú. Kí ẹ wá rọra máa da ìyókù títí yóò fi pé gíráàmù 250. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 3, ó ti sẹ́ tán. Bí ó bá korò, ó kúnná jù; bí ó bá kan, kò kúnná tó.

Ṣùgbọ́n kọfí kò lè rọ́pò oorun o! Èyí tí ẹ mu ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ ṣì wà lára yín ní aago 11. Bí ìdánwò bá di ọ̀la, ẹ tètè sùn.